Ọwọ́ Tí Ó Ń Tan Iná: Ohun Tí Ó Ń Mú Òṣìṣẹ́ Dúró Lẹ́nu Iṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ Yemẹtù, Ìbàdàn)

  

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ iná tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe, mo ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń fẹ́ gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, bí mo bá jáde nílé pẹ́nrẹ́n, ìbéèrè kan náà ni ó ń pàdé mi lójú ọ̀nà: “Bàbá oníná, kí ló tún dé tí wọ́n fi mú iná lọ?” Lónìí n ó gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí n ó gbà dáhùn rẹ̀ lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa wáyà àti tírànsfọ́mà. Ènìyàn ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé ọwọ́ ni ó ń tan iná. Bí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ bá sì ti lọ, òkùnkùn kò jìnnà mọ́, bí ó ti wù kí irin iṣẹ́ pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀, n kò sì ní dárúkọ ọ̀kankan, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Ní ibi kan nínú wọn, ọ̀gá kan wà tí ó kọ́ mi níṣẹ́. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí wáyà abẹ́ ilẹ̀ kan ní gbogbo agbègbè tí a ń bójú tó tí kò mọ ibi tí ó gbà kọjá. Ó mọ èyí tí a fi ìkánjú so pọ̀ nígbà òjò, ó mọ òpó tí ikán ti ń jẹ nídìí, ó sì mọ ilé tí igi máàńgòrò rẹ̀ máa ń kan wáyà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Kò kọ ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sínú ìwé. Orí rẹ̀ ni ìwé náà.

Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí fi wà ní ipò kan náà. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ níṣẹ́ ń gòkè kọjá lórí rẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ní olú ilé iṣẹ́. Owó ọkọ̀ tí ó fi ń lọ ṣe iṣẹ́ òru, àpò ara rẹ̀ ni ó ti ń yọ ọ́, a kì í sì í dá a padà fún un. Ní ọjọ́ kan ó béèrè ìbọ̀wọ́ rọ́bà titun, nítorí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lu. Ẹni tí ó yẹ kí ó fún un dá a lóhùn pé, “Àwọn tí ó ṣe é ṣáájú rẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe é?” Ọ̀gá mi kò fèsì. Ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó dá irin iṣẹ́ padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sí ọkọ̀, ó sì lọ bá àwọn tí ń wa epo ní apá ìsàlẹ̀ Odò Ọya. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òṣìṣẹ́ rere kì í sábà pariwo kí ó tó lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, òjò ńlá kan rọ̀ ní òru, iná sì kú. A wá ibi tí ó bàjẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. A gbẹ́ ilẹ̀ ní ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó di ọ̀sán kí a tó rí i. Ọ̀gá mi ì bá ti rí i láàárín wákàtí kan. Ilé ìgbẹ̀bí kan wà lójú ọ̀nà wáyà náà. Àtùpà ni àwọn agbẹ̀bí fi gbẹ̀bí ní òru ọjọ́ náà. Ìyá yè, ọmọ sì yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà ọmọ náà ti jáde ní òwúrọ̀ tí ó bá wa pẹ̀lú ṣọ́bìrì nínú ẹrẹ̀, ó wò wá títí, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ kò ní àgbà lọ́dọ̀ yín ni?” Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn títí di òní. A ní àgbà. A jẹ́ kí ó lọ ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni iye owó ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan? Kí ni iye owó ìgbéga sí ipò kan? Ẹ fi wé ihò mẹ́fà tí a gbẹ́ lásán, ẹ fi wé oúnjẹ tí ó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ amómitutù àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹ sì fi wé ẹ̀mí méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Yemẹtù mọ ohun tí mo ń sọ ju àdúgbò mìíràn lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ṣẹ́ kí a tó ṣí UCH ní ọdún 1957. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ̀bí mọ̀ pé iná kì í ṣe ohun afẹ́ lásán.

Ìdí mẹ́ta wà tí ìdúró òṣìṣẹ́ fi ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ iná àti ti epo ju inú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ. Èkíní, iṣẹ́ náà pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní oṣù méjì. Èkejì, ó léwu. Àṣìṣe kan ṣoṣo lè pa ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìmọ̀ ibi kan kì í ṣe ìmọ̀ ibi mìíràn. Ẹni tí ó mọ wáyà Èkó dáadáa yóò tún kọ́ ti Ìbàdàn kí ó tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá lọ, kì í ṣe ìjókòó kan ni ó ṣófo. Ilé ìkówèésí kan ni ó jóná.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ìbàdàn ti mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó dé. Ní ayé ogun, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti ìlú oríṣiríṣi ni àwọn ènìyàn ti wá sí ìlú yìí. Ẹni tí ó bá dé yóò wá jagunjagun ńlá kan tí yóò fi ṣe bàbá ogun, yóò máa tẹ̀lé e lọ sí ojú ìjà, yóò sì máa gbé lábẹ́ ààbò rẹ̀. Iye àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóyè ni a fi ń mọ agbára rẹ̀. Bí ó bá pín ìkógun bí ó ti yẹ, tí ó sì gbèjà ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ ìpọ́njú, agbo ilé rẹ̀ a kún. Bí ó bá jẹ́ ahun, wọn a wá bàbá ogun mìíràn lọ. Àwọn bàbá ńlá wa kò pè é ní orúkọ kan pàtó, ṣùgbọ́n ìtọ́jú òṣìṣẹ́ náà nìyẹn: bí a ti ń gba ènìyàn, bí a ti ń san owó rẹ̀, bí a ti ń kọ́ ọ, bí a ti ń gbé e ga, bí a ti ń dáàbò bò ó, bí a ti ń gbọ́ tirẹ̀, àti bí a ti ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó bá dàgbà.

Nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wa, a ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá gbọ́ ti òṣìṣẹ́. Kí epo rọ̀bì tó di ohun ńlá, èédú Enúgù ni ó ń fún ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀rọ amúnáwá lágbára. Ní ọdún 1949, àwọn awakùsà ibẹ̀ ń bá àwọn aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n gbà pé a jẹ wọ́n. Wọ́n dẹ ọwọ́ iṣẹ́, a sì lé àwọn kan dànù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọlọ́pàá lọ sí Iva Valley láti kó ohun abúgbàù kúrò níbẹ̀. Ìbọn dún, awakùsà 21 sì kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Fitzgerald tí a yàn lẹ́yìn náà bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aláṣẹ pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a jókòó yanjú nídìí tábìlì ni ó di ọ̀rọ̀ ibojì.

A sì ti rí àpẹẹrẹ rere, ní ìlú tiwa yìí pàápàá. Ní ọdún 1954, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà níhìn-ín ní Ìbàdàn, sọ owó òòjọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù lọ di ṣílè 5. Àwọn kan kùn nígbà náà pé owó náà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ìjọba rí òun.

Ẹ tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun. Henry Ford, oníṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà, rí ìṣòro kan ní ọdún 1913: òṣìṣẹ́ kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún kan ṣoṣo ó ní láti gba ènìyàn tí ó lé ní 50,000 kí ó tó lè ní nǹkan bí 14,000 lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó ti ń kọ́ wọn ni wọ́n ń lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1914, ó sọ owó òòjọ́ di dọ́là 5, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì iye tí ó ń san tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 9 sí 8. Àwọn ènìyàn dúró, iṣẹ́ sì yára. Ford kì í ṣe aláàánú tí ń ta owó nù. Òun fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé ọ̀nà kan láti dín ìnáwó kù ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí iṣẹ́ iná nílẹ̀ wa. Òfin ọdún 1950 ni ó dá ECN sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1972, a pa á pọ̀ mọ́ àjọ tí ó ń bójú tó ìdídò Kainji, ó sì di NEPA. Ní ọdún 2005 ó di PHCN, a sì pín in sí ilé iṣẹ́ 18: mẹ́fà fún pípèsè iná, ọ̀kan fún gbígbé e kiri, mọ́kànlá fún pínpín in. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa àwọn tí ń pín in àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pèsè rẹ̀ lé olówó aládàáni lọ́wọ́. Èyí tí ó kàn wá ni IBEDC, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ring Road níhìn-ín. Nínú ìyípadà ìkẹyìn yìí, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì, èyíinì ni 40,000, ni a san owó ìdágbére fún. Àwọn kan padà sẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá titun. Ọ̀pọ̀ kò padà. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọn sì fa àríyànjiyàn gígùn láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná.

N kò wá sọ bóyá títà náà dára tàbí kò dára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: òṣìṣẹ́ tí kò mọ ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́la kì í ní ọkàn láti kọ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí. Ohun tí ó mọ̀ ni ó kù fún un gẹ́gẹ́ bí ohun ìní, yóò sì dì í mú. Bí ó bá lọ, yóò gbé e lọ. Bí ilé iṣẹ́ bá ń yí orúkọ padà, kí olórí rẹ̀ kọ́kọ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, kí ó sì sọ òtítọ́ fún wọn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé owó nìkan ni, pé nítorí owó ni òṣìṣẹ́ iná ṣe ń sá lọ sí ilé iṣẹ́ epo, tí òṣìṣẹ́ epo náà sì ń sá lọ sí òkè òkun. Owó wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Òfin epo ọdún 1969 pa á láṣẹ pé láàárín ọdún 10 tí a bá fún ilé iṣẹ́ kan ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, ìpín 75 nínú 100 àwọn ọ̀gá àti olùdarí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1972, a dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ epo sílẹ̀ ní Effurun. Ọ̀dọ́ tí ó wọ iṣẹ́ epo ní ayé ìgbà náà rí àkàbà níwájú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun lè gùn ún. Ní ibi tí àkàbà náà bá sì ti ṣẹ́, ilé iṣẹ́ epo pàápàá kò rí ènìyàn mú dúró. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ NUPENG àti PENGASSAN fi ń bá àṣà gbígba òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ jà láti ìgbà pípẹ́: ènìyàn a ṣiṣẹ́ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ kò ní ìwé, kò ní ìgbéga, kò ní owó ìfẹ̀yìntì.

Mo ní ọmọ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ iná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í léèrè pé kí ni ó mú un dúró ní ilé iṣẹ́ kan náà fún ọdún mẹ́jọ. Mo rò pé yóò dárúkọ owó. Ó ní, “Bàbá, bí mo bá wí pé iṣẹ́ kan léwu, wọn a dá a dúró, wọn a wá wò ó, ẹnikẹ́ni kì í bú mi.” Mo dákẹ́. Mo rántí ìbọ̀wọ́ rọ́bà ọ̀gá mi.

Kí wá ni ohun tí ó ń mú òṣìṣẹ́ dúró? Mo kà á sí mẹ́fà.

Èkíní ni ìgbanisíṣẹ́ tí ó mọ́. Kí a gba ẹni tí ó mọ iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí ó mọ ọ̀gá, kí a sì fún un ní ìwé. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kò gbọdọ̀ ju oṣù 3 lọ kí agbanisíṣẹ́ tó fi ìwé sọ owó, àkókò iṣẹ́ àti ìsinmi òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Èkejì ni owó tí ó dé lọ́jọ́ tí a dá. Owó kékeré tí ó dé lásìkò sàn ju owó ńlá tí a ń fi ẹjọ́ gbà lọ. Ẹni tí ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ń dúró dè kò lè fi ọkàn kan gun òpó.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ àti ìgbéga. Láti ọdún 1971 ni Àjọ ITF ti wà fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Láti ọdún 2009 sì ni NAPTIN ti wà fún àwọn oníṣẹ́ iná. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé, “Bí mo bá kọ́ ọ tán, yóò lọ.” Mo dá wọn lóhùn pé, bí ẹ kò bá kọ́ ọ tí ó sì dúró ńkọ́? Bí ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ bá a ṣe àdéhùn gbangba ṣáájú ẹ̀kọ́ náà, bí àwọn bàbá wa ti ń dá ọdún fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe ìgbòmìnira fún un lọ́jọ́ tí ó pé.

Ẹ̀kẹrin ni ààbò. Kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan wáyà, kí a pa ọ̀nà iná náà, kí a tì í, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ẹni tí ń gun òpó, kí a dán an wò bóyá ó ti kú ní tòótọ́, kí a sì so ó mọ́ ilẹ̀. Bí ewu bá sì ṣẹlẹ̀, òfin ọdún 2010 ti là á sílẹ̀ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò kan tí a ó ti máa tọ́jú ẹni tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ìdílé ẹni tí ó kú.

Ẹ̀karùn-ún ni etí. Ọ̀gá tí kò ní etí yóò pàdánù ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ní ibi tí yóò ti sọ ẹ̀dùn rẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù, kí a sì dá a lóhùn, ìbáà ṣe pé “rárá” ni ìdáhùn náà.

Ẹ̀kẹfà ni òpin iṣẹ́. Ọ̀dọ́ ń wo bí a ti ń ṣe àgbà. Bí ó bá rí ẹni tí ó fi ọdún ọgbọ̀n sìn tí ó ń tò lórí ìlà owó ìfẹ̀yìntì bí alágbe, kò ní dúró kí ọjọ́ tirẹ̀ tó pé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa fi ìpín 10 nínú 100 sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìpín 8 kún un. Ẹni tí ó bá yọ ti òṣìṣẹ́ tí kò sì fi í ránṣẹ́, olè ni.

Mo ti bá ọ̀gá wí. Ó kù kí n bá òṣìṣẹ́ wí. Òṣìṣẹ́ tí a tọ́jú tí ó sì ń ta irin iṣẹ́ lẹ́yìn, tàbí tí ó ń gba owó ẹ̀yìn kí ó tó so iná, kò yẹ ní ẹni tí a ń bẹ̀ kí ó dúró. Ìtọ́jú àti òtítọ́, ìbejì ni wọ́n.

Ó tún kù kí n bá àwa fúnra wa wí, èyí ni ó sì le jù. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ lábẹ́ òrùlé yìí. Báwo ni a ti ń ṣe sí ọmọ oníná tí ó bá wọ àdúgbò? Mo ti rí ibi tí a ti gba àkàbà mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ti rí ibi tí a ti na ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún, nítorí bíìlì àfojúdíwọ̀n tí kì í ṣe òun ni ó kọ ọ́. Mo mọ̀ pé bíìlì náà dùn yín. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun òpó kọ́ ni ó ń dá owó iná. Bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tọ́jú rẹ̀, tí àwa náà sì ń nà án, kí ni yóò fi dúró? Ní ọjọ́ tí ó bá lọ, àwa ni a ó jókòó sínú òkùnkùn. Àwa pẹ̀lú wà lára àwọn tí ń lé òṣìṣẹ́ lọ.

Nítorí náà mo gbé ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin síwájú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ Yemẹtù tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ yín, ìbáà ṣe méjì péré, ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ní ilé epo, ẹ fún wọn ní ìwé, kí ẹ sì dá ọjọ́ owó wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ sì mọ iṣẹ́ iná tàbí ti epo, bí ẹ bá wálé fún ìsinmi, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ kan kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìmọ̀ yín ju owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lọ. Ẹgbẹ́ wa, ẹ wá àwọn àgbà òṣìṣẹ́ iná tí ó kù láàárín wa, láti Yemẹtù dé Ọjẹ́, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, kí a jókòó tì wọ́n, kí a kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ẹ̀kẹrin, kí a yan ẹni méjì ládùúgbò kọ̀ọ̀kan tí yóò máa pàdé àwọn òṣìṣẹ́ iná bí wọ́n bá dé; bí a bá ní ẹjọ́, kí a fi ìwé gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kí a má fi ẹgba gbé e lé orí ọmọ ọlọ́mọ.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti máa ṣètò ọ̀rọ̀ iná fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ titun lè dìde láàárín wa, àwọn ọmọ wa sì lè jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Kí wọ́n má ṣe ra ẹ̀rọ olówó iyebíye kí wọ́n sì gbàgbé ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ọ̀gá mi ti kú báyìí. Kí ó tó kú, mo lọ kí i, mo sì bi í bóyá inú ń bí i sí ibi tí ó fi sílẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú lóru, mo ṣì máa ń ronú nípa wáyà yẹn.” Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a lé e lọ.

 Ọlọ́run yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà wa, kò ní jẹ́ kí àgbà wọ́n láàárín wa, yóò sì jẹ́ kí Yemẹtù àti Ìbàdàn lápapọ̀ tẹ̀síwájú. Àṣẹ.